Ẹ̀yà Ara Àyálò: Kí Ni Ó Gbé Tutùọlá Débẹ̀?

Ọmọ Yorùbá wo ni ó gbọ́ àlọ́ rí tí kò mọ ìtàn ọmọge arẹwà tí kò gbà láti fẹ́ ọkùnrin kankan? Bàbá rẹ̀ sọ títí, ìyá rẹ̀ sọ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ kan ni ó rí ọkùnrin kan lọ́jà tí ara rẹ̀ ń dán, tí ó pé láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ni ọmọge bá gbé e sẹ́sẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n dé ojú ọ̀nà, ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá ikùn padà, ó dá apá padà, títí tí ó fi ku agbárí nìkan tí ó ń yí gbirigbiri lọ nínú igbó. Kí ọmọge tó mọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Amos Tutùọlá gbé àlọ́ yìí sínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Nínú tirẹ̀, ńṣe ni arẹwà ọkùnrin yìí háyà àwọn ẹ̀yà ara náà, ó sì ń san owó háyà bí ó ti ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀mùtí tí ó ń sọ ìtàn náà fún wa rí i lọ́jà. Ó sá lọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó sunkún, pé kí ló dé tí Ọlọ́run kò fi dá òun ní arẹwà báyìí? Ìgbà tí ó rántí pé agbárí lásán ni ẹni tí òun ń jowú rẹ̀, ó nu ojú nù, ó sì dúpẹ́ pé a dá òun láìlẹ́wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹkún yẹn àti ọpẹ́ yẹn sọ́kàn. Lóde òní, bí ẹ bá tan rédíò, bí ẹ bá lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni ẹ ó máa gbọ́: jẹ́ ojúlówó, ṣiṣẹ́ kára, rẹ ara rẹ sílẹ̀, wàá sì dé ibi gíga. Ó dùn létí, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó ti ìwé, tí pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́, kí ni à ń pè ní ojúlówó gan-an? Tutùọlá ni mo fẹ́ fi dán ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn kan ń fi ṣe àpẹẹrẹ rere, àwọn kan ń fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò yẹ kí a ṣe, ó sì dà bí ẹni pé díẹ̀ nínú wọn ni ó ka ìwé náà dé ìparí.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ọdún 1920 ni wọ́n bí i, àgbẹ̀ sì ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin Ìbò kan. Dípò kí ọ̀gá yìí sanwó fún un, ilé-ẹ̀kọ́ Salvation Army ni ó fi í sí. Bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ìwé kíkà sì parí síbẹ̀, kò ju ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó láti 1942 sí 1945. Ogun parí, iṣẹ́ náà parí. Ó wá iṣẹ́ títí, nígbẹ̀yìn ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ l'Ékòó.

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ ọ́fíìsì? Gbé fáìlì yìí lọ, gbé tọ̀hún wá. Bí wọn kò bá rán ọ níṣẹ́, wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wàá máa wo ògiri. Àwọn ẹlòmíràn á sùn, àwọn ẹlòmíràn á máa ṣòfófó. Tutùọlá mú pépà tí wọ́n ti lò tì àti pẹ́ńsùlù, ó ń kọ ìtàn. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi la ìtàn ọ̀mùtí náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́ta tí ó fi ń fẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń dà á kọ. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń sọ pé ńṣe ni ó kàn ń ro ohun tí ó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ọjọ́ díẹ̀ ni ti ẹ̀bùn, oṣù mẹ́ta ni ti iṣẹ́.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, ó ti kọ ìwé kan tẹ́lẹ̀, The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts. Ilé iṣẹ́ kan tí ń tẹ ìwé nípa iṣẹ́ fọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi í ránṣẹ́ sí! Kò mọ̀ pé àwọn wọ̀nyẹn kì í tẹ ìtàn. Ìwé náà sùn títí di 1982 kí ó tó jáde, nígbà tí irun ti funfun lórí ẹni tí ó kọ ọ́. Ti ọ̀mùtí náà, ọwọ́ àwọn atẹ̀wé onígbàgbọ́ ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí. Wọ́n ní irú ìwé yìí kọ́ ni àwọn ń tẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá a wá ẹni tí yóò gbà á. Báyìí ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ Faber and Faber. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìwé jáde tán, ariwo sọ. Dylan Thomas, akéwì ilẹ̀ Wales tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer ní oṣù keje 1952. Ní 1953 wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà, Raymond Queneau sì yí i sí èdè Faransé lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n nílé ńkọ́? Nílé, ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Ní 1954 àwọn lẹ́tà jáde nínú ìwé ìròyìn West Africa tí wọ́n fi ń bẹnu àtẹ́ lu ọkùnrin yìí. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, wọ́n ní kò sí ohun tuntun nínú ìtàn rẹ̀, wọ́n ní ńṣe ni àwọn òyìnbó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wa.

Mi ò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ rántí ìgbà tí à ń wí. À ń jà fún òmìnira nígbà náà, òyìnbó sì ń wí pé a kò tíì gbọ́n tó. Ẹni tí ó ti ka ìwé dé yunifásítì, tí ó ń sapá kí òyìnbó lè bọ̀wọ̀ fún un, ó wá rí i pé ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tí kò ka ìwé tó ni wọ́n gbé sókè pé òun ni òǹkọ̀wé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó yẹ kó dùn ún. Òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn dé ààyè kan, nítorí irú ìyìn tí àwọn òyìnbó kan fún Tutùọlá, ìyìn tí à ń fún ọmọdé tí ó ṣèèṣì jó dáadáa ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà kò mọ ohun tí ó ń ṣe, pé igbó ni ó ń gba ẹnu rẹ̀ fọhùn.

Tọ̀tún-tòsì ló ṣì í gbé. Bí a bá ka ìwé náà pẹ̀lú sùúrù, a ó rí i pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe dáadáa.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lo òǹkà. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000. Adẹ́mu rẹ̀ ń gbé 150 kèrègbè ẹmu wá láràárọ̀, ó sì tún ń gbé 75 wá ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun ńlá kan, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà ní £70:18:6d, wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn pẹ̀lú èlé £3:10:0d lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú tí a ti tà kò ṣeé rà padà mọ́. Nítorí náà wọn kò lè kú, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n! Ta ni ó ń ronú báyìí? Alálọ̀ọ́ lásán kò ní sọ ti kọ́bọ̀ mẹ́fà tí ó lé sórí iye ikú. Ẹni tí ó ń gbé fáìlì kiri nínú ọ́fíìsì ìjọba, tí ó ń rí ìwé owó lójoojúmọ́, òun ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí ó sì ń ròyìn arẹwà ọkùnrin ọjà, ó ní bí ọkọ̀ òfuurufú tí ń ju bọ́m̀bù bá rí i nínú ìlú, wọn kò ní lè ju bọ́m̀bù síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú ṣiṣẹ́ ni ó sọ ọ́.

Ẹ tún wo ìwé kejì, My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954. Abo iwin kan wà níbẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọkùnrin tí ó sọnù sínú igbó wo inú ọwọ́ náà, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ìlú rẹ̀. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin tí wọ́n ní ayé àtijọ́ ni ó ń gbé ti fi ọdún márùn-ún ṣáájú wọn.

Èyí ni mo pè ní ojúlówó. Àwọn kan rò pé kí ènìyàn jẹ́ ojúlówó ni pé kí ó di etí sí ohun tuntun, kí ó máa sọ ti agbada àti ìjàpá nìkan. Tutùọlá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ti kọjá lára rẹ̀ ni ó kó sínú ìwé: àlọ́ Abẹ́òkúta, ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì, iná àgbẹ̀dẹ, ogun Hitler, ìwé owó ọ́fíìsì. Kò fi èyí tí kò ní kún un. Kò díbọ́n pé òun lọ sí Oxford. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀ a ṣo ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ńkọ́? Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sábà máa ń sọ pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀, pé Yorùbá ni ó ń sọ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, pàápàá nínú bí gbólóhùn ṣe ń so mọ́ra wọn bí ìgbà tí alálọ̀ọ́ kò fẹ́ kí ọmọdé sùn. Ṣùgbọ́n òmíràn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì, òmíràn jẹ́ àṣìṣe ẹni tí kò kàwé tó, kò sì sí ẹ̀gàn nínú kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àkọlé pàápàá, drinkard, kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn. Àwọn atẹ̀wé fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì rò pé wọ́n ṣe é re, nítorí ọ̀mùtí inú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀mùtípara tí ń ṣubú sí gọ́tà. Ẹni tí ó fi mímu ṣe iṣẹ́ ni, bí ẹlòmíràn ṣe ń fi oko ṣe iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni ó bá a mu.

Ìyẹn ló mú wa dé orí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ní 1977, Chinua Achebe sọ àsọyé kan ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí ìwé yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti eré ni ó wà nídìí rẹ̀, pé ẹni tí ó bá fi eré rọ́pò iṣẹ́ yóò jìyà rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ọ̀mùtí yìí kò ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀. Adẹ́mu jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè dá ẹmu bíi tirẹ̀. Kíá ni àwọn ọ̀rẹ́ tí ń kún ilé pòórá. Ó gbéra láti lọ wá adẹ́mu náà ní ìlú àwọn òkú. Ó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá àwọn òrìṣà tí ó lè ṣe ohun gbogbo láyé. Kí ni ó sì ń wá? Ẹni tí yóò bá a dá ẹmu! Ẹni tí ó lè ṣe ohun gbogbo kò lè gun ọ̀pẹ. Ẹ̀rín ni Tutùọlá ń fi wá rín níbẹ̀, ẹ̀rín náà sì ń dùn wá.

Nígbà tí ó dé ìlú àwọn òkú, ó bá adẹ́mu rẹ̀. Adẹ́mu sọ fún un pé lẹ́yìn tí òun kú, ọdún méjì ni òun fi kọ́ṣẹ́ òkú kí òun tó yege, kí wọ́n tó gba òun sí ìlú náà. Ẹ ò rí nǹkan! Òkú pàápàá ń kọ́ṣẹ́. Alààyè kan sì wà tí ó rò pé òun lè di ọ̀gá ní ọjọ́ kan. Adẹ́mu kò lè bá a padà sílé mọ́, ẹyin ni ó fún un. Ẹyin náà bọ́ gbogbo ayé nígbà ìyàn, àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n yó, wọ́n ń ṣeré títí wọ́n fi fọ́ ẹyin náà. Nígbà tí ọ̀mùtí lẹ̀ ẹ́ pọ̀, pàṣán ni ó ń mú jáde, pàṣán sì na gbogbo àwọn tí ó wá jẹ ọ̀fẹ́. Mi ò mọ ìwé tí ó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìmẹ́lẹ́ báyìí láìwàásù.

Ẹ̀sùn kan wà tí a kò gbọdọ̀ fo. Wọ́n ní ó kó nínú oko Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti 1938, ẹni tí ó bá sì ka ìwé méjèèjì yóò rí i pé ìbátan wà láàárín wọn: igbó kan náà, iwin kan náà, ìrìn-àjò kan náà. Ta ni yóò jiyàn? Fágúnwà ni ó la ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí òkìkí Lọ́ńdọ̀nù mú wa gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdẹ Fágúnwà ń wàásù bí olùkọ́, ọ̀mùtí Tutùọlá ń ṣírò bí akọ̀wé kékeré. Àlọ́ jẹ́ ogún ìdílé, ẹni tí ó bá jogún kò yá nǹkan. Yíyá ni pé kí a gba ohun tí kò sí nínú ìtàn wa, kí a fi í ṣe ẹwà, kí a máa bẹ̀rù ọjọ́ tí onínǹkan yóò béèrè.

Kí ni ti ìrẹ̀lẹ̀? Ní 1956, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń ka ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York àti ní Paris, Tutùọlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ wo? Títọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ó ń ka ẹrù wọlé, ó ń ka ẹrù jáde, ó sì ń kọ ìwé lọ. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fẹ́ sọ ìtàn náà di eré Yorùbá, Ọ̀mùtí, ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ìtàn ìránṣẹ́ ọ́fíìsì dé orí pèpéle àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1979 Yunifásítì Ifẹ̀ pè é bí àlejò, ní 1983 ó lọ sí Iowa ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn òǹkọ̀wé àgbáyé. Ìwé rẹ̀ kò sì yí ohùn padà nítorí àwọn tí ó bá jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ìrẹ̀lẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn gba ìwọ̀sí. Kò sì tọ́ kí a máa fi sítọ́ọ̀ yẹn yangàn, bí ẹni pé ó dára kí òǹkọ̀wé tí ayé mọ̀ máa ka ẹrù. Ìtìjú ni fún wa ju ìyìn fún un lọ. Ìrẹ̀lẹ̀ Tutùọlá tí mo ń yìn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó gbà pé òun ṣì ní nǹkan í kọ́, ó gbà pé ìtàn ju òun lọ. Ìgbéraga ni ìbá mú un dákẹ́ ní 1954 nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bú u. Ó gbé Simbi and the Satyr of the Dark Jungle jáde ní 1955, kò dúró jiyàn.

A ó sì sọ ibi tí ó kù sí. Lẹ́yìn ìwé kẹta tàbí ìkẹrin, òǹkàwé ti mọ ojú ọ̀nà: ẹnìkan yóò kúrò nílé, yóò jìyà nínú igbó, yóò padà bọ̀. Ajaiyi and His Inherited Poverty ti 1967 ní àwọn ibi tí ó dùn, bẹ́ẹ̀ náà ni The Witch-Herbalist of the Remote Town ti 1981, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu ti àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojúlówó pàápàá lè di yunifọ́ọ̀mù bí a bá ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a jẹ́ ara wa nìkan ti tó, kó wá ka ìwé márùn-ún tẹ̀léra. Ọdún 1997 ni Tutùọlá kú ní Ìbàdàn, kò sì fi ọrọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ bí òkìkí rẹ̀ ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé owó ni èrè tí ó dájú lórí ọ̀nà yìí.

Kí wá ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń kọ̀wé lè mú níbẹ̀? Ohun mẹ́ta tí ó ṣeé fọwọ́ bà. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ó ti kọjá lára yín, kódà tí ó bá jẹ́ iṣẹ́ bẹ́ǹṣì, kí ẹ tó lọ máa fọn Gẹ̀ẹ́sì nímú bí ará Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní ọjọ́ méjì, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Tí wọ́n bá sì dá a padà, ẹ wádìí bóyá ilé iṣẹ́ fọ́tò ni ẹ fi í ránṣẹ́ sí, kí ẹ tó sọ pé ayé kò fẹ́ràn yín. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ̀wé, ẹ wá ìwé ọ̀mùtí náà, ẹ kà á fún ara yín. Ibi tí òkú ti ń kọ́ṣẹ́ ọdún méjì yẹn, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.